Afẹ́fẹ́ Díẹ̀ Ti Tó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Òkè-Ògùn dunjú kò gbọdọ̀ dúró lórí ọ̀dà. Títì tó gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí wúlò fún ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n ọ̀nà pupa ló mọ ibi tí oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́ àti igi kaṣú wà, òun ló sì ń gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá. Ọ̀nà pupa yẹn ni mo yàn láàyò láti máa gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Gravel ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù; bí èèyàn bá wá di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń sùn lọ́nà, tó ń jí lọ́nà, ó di bikepacking. Iṣẹ́ oòjọ́ mi yàtọ̀ pátápátá. Ìfẹ́ ló ń gbé mi jáde nílé.

Inú táyà ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Táyà tèmi fẹ̀ tó milimítà 45, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sì í ju 30 sí 35 lọ lórí géèjì fọkaníṣà. Bí mo bá yà lọ́dọ̀ fọkaníṣà, á fi àtàńpàkò tẹ táyà náà wò, á mirí, á ní afẹ́fẹ́ ti lọ nínú ẹ̀. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, òótọ́ ló sọ. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Táyà tó le kò lè gba òkúta mọ́ra: gbogbo ìgbà tó bá ti kan òkúta, ṣe ló ń sọ kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún sókè, agbára tó yẹ kó gbé wọn lọ síwájú á wá bá gbígbọ̀n lọ. Táyà tó rọ̀ á tẹ̀ yí òkúta náà ká, á kọjá, ara ẹni tó gùn ún kò ní fura. Ìdí nìyí tí táyà tó dẹ̀ fi ń yára ju èyí tó le gbagidi lọ lójú ọ̀nà oko. Àmọ́ kó má dẹ̀ jù, kí òkúta má baà lu rímù.

N kì í lo tíúbù. Oje rọ́bà olómi ló wà nínú táyà mi. Bí ẹ̀gún bá gún un, oje á sáré lọ síbi ihò, á dì síbẹ̀, a ò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá la ẹ̀gbẹ́ táyà, agbára oje kò ká a mọ́. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sá eré máìlì 200 tó bẹ̀rẹ̀ ní Emporia, ní Kansas, lọ́dún 2006 mọ èyí dájú, nítorí òkúta Flint Hills tí wọ́n ń gbà kọjá mú gan-an ni. Nítorí náà, tíúbù kan àti ṣolúṣọ̀n kì í wọ́n nínú ẹrù mi.

Irin inú ilẹ̀ pupa yìí ló pọ́n ọn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn á le, òkúta róbótó-róbótó á máa yí lábẹ́ táyà. Bí òjò bá rọ̀, á di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà títí á fi há sínú férémù. Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún irú ilẹ̀ wa, kó wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti férémù kó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré ló burú jù: ojú ọ̀nà á wọ́ gìjàgìjà bíi pákó ìfọṣọ, eré táyà ọkọ̀ ló sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo máa ń wá ní irú ibẹ̀.

Ara náà gbọ́dọ̀ dẹ̀ bí táyà ṣe dẹ̀. Ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin. Ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́, ẹ gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa jó lábẹ́ yín. Bí ẹ bá já sínú iyanrìn tó jìn, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ tẹjú mọ́, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà láìdúró, kẹ̀kẹ́ á wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ìgbà tí mo bá bọ́ sínú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, tí táyà iwájú ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí mi ò sì bá a jà, inú mi máa ń dùn dé ibi tí mi ò lè ròyìn tán.

Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá ṣéènì. Bí ẹ bá fi òróró rin ín, eruku á pò mọ́ òróró, àwọn méjèèjì á sì jọ máa jẹ irin. Ìda àbẹ́là tí mo yọ́ ni mo ń rì tèmi bọ̀. Bó bá ti gbẹ, eruku kì í lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó tún ku ẹrù dídì. Ẹ̀yìn mi kì í gbé nǹkan kan. Àpò gbọọrọ kan wà láàárín férémù, òun ló ń gba omi àti irinṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ohun tó wúwo yẹ kó wà. Àgọ́ àti àwọ̀n ẹ̀fọn wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, aṣọ wà lẹ́yìn ìjókòó. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lóṣù kẹfà ọdún 1897, 20 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti inú 25th Infantry ti Amẹ́ríkà gbéra ní Fort Missoula, ní Montana, wọ́n forí lé St. Louis lórí kẹ̀kẹ́. Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin lójú ogun. Máìlì 1,900 ni, ọjọ́ 41 ni wọ́n sì fi rìn ín, nínú ẹrẹ̀, lórí òkè Rocky, nínú iyanrìn Nebraska. Wọ́n ká aṣọ ìbora àti àgọ́ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n so àpótí sáàárín férémù. Ibi tí wọ́n di ẹrù sí náà ni mò ń di tèmi sí lónìí, bí mo bá sì rántí wọn, orí mi máa ń wú. Nílẹ̀ wa náà, kí ọ̀dà tó dé ọ̀pọ̀ abúlé, kẹ̀kẹ́ Raleigh ló ń gbé adẹ́mu àti kèrègbè rẹ̀ jáde láti oko. Àwọn bàbá wa ti gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ pupa kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lórúkọ tuntun.

Àádùn, gàrí àti kúlíkúlí ni mo máa ń kó dání. Wàrà ń bẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní lọ́nà. Àádùn pàápàá, mi ò tíì rí oúnjẹ òyìnbó tó tó o fún ẹni tó ń gun òkè: àgbàdo àti epo pupa, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, kì í sì í yọ́ lóòrùn.

Kẹ̀kẹ́ kì í pariwo, kì í sì í sáré kọjá èèyàn, nítorí náà a lè kí gbogbo ẹni tá a bá bá lóko. “Àroko bọ́dún dé o!” “Àṣẹ o! Ṣé kò sí mọ́tò ni?” “Mọ́tò wà, bàbá. Kẹ̀kẹ́ ló wù mí kí n gùn.” Ẹni tó dáni lóhùn yẹn ló máa sọ pé afárá iwájú ti já, tàbí pé kéèyàn má gba ìhà ibí lásìkò yìí. Mo máa ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, nítorí ewu wà lójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ilé baálẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ yà, òun ló ń fi ibi tí mo lè pàgọ́ hàn mí.

Mo ti dé Adó-Àwáyé, mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, mo fẹsẹ̀ gun orí àpáta lọ wo adágún Ìyákẹ̀. Ìgbòho, tí àwọn Aláàfin fi ṣe olú-ìlú kí wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ló kù tí mo fẹ́ gba ọ̀nà oko dé. Òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀. Mo ti ń bi àwọn oníṣu tó ń tibẹ̀ wá sọ́jà bóyá omi ti ń fà lójú ọ̀nà.