Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Lámèyítọ́ Lórí Kíkó Owó Fàdákà Jọ

Ìwọ̀n méjì ni àwọn tí ń kó owó fàdákà ilẹ̀ òkèèrè jọ fi ń wọn owó. Ìwọ̀n kìíní ni ti irin: mélòó ni fàdákà inú rẹ̀? Ìkejì ni ti ojú: àwòrán wo ló wà lára rẹ̀, ọdún wo ni wọ́n rọ ọ́, ó ti ṣọ̀wọ́n tó? Eagle ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, àti Britannia onífàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, gbajúmọ̀ nítorí pé wọ́n yege lórí ìwọ̀n méjèèjì. Eagle kan gba áúnsì fàdákà kan, ìyẹn gíráàmù 31.1, síbẹ̀, ẹni tí kò mọ iye tí fàdákà ń lọ lọ́jà lè rà á nítorí ẹwà obìnrin tó wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà olówó òkè òkun nìyẹn. Èmi kò gbà. Owó tó yege lórí ìwọ̀n méjèèjì ti wọ abà àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn: ṣílè tó ní àwòrán ọ̀pẹ.

Ní 1912 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ owó West African Currency Board sílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ náà tó dé, ọwọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni èrè tó wà nínú rírọ owó ń bọ́ sí. Ní 1913, ìgbìmọ̀ náà gbé tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì jáde. Orí Ọba George Karùn-ún wà lójú kan ṣílè. Igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Gíráàmù 5.66 ni ṣílè wọ̀n. Nínú ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀, 925 jẹ́ fàdákà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: fàdákà inú ṣílè mẹ́fà fi díẹ̀ ju áúnsì kan lọ. Eagle kan, ṣílè mẹ́fà: ọmọ ìyá ni wọ́n lórí ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó kòkó ni ṣílè yìí fún àgbẹ̀ Akánràn, Lálúpọn àti Ìjàyè. Nígbà tí owó bébà dé ní 1916, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọ̀ ọ́: ikán ń jẹ bébà, kì í jẹ fàdákà. Ẹni tó rì ṣílè mọ́lẹ̀ sínú ìkòkò ti mọ ìwọ̀n kìíní dájú. Alágbẹ̀dẹ fàdákà tó yọ́ ọ, tó fi rọ òrùka tàbí ẹ̀gbà ọwọ́, mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. N kò ní pè é ní òpè, torí ó fi ẹwà kan rọ́pò òmíràn. Àmọ́ ọ̀pẹ àti ọdún ti lọ sínú iná, wọn kò sì ṣe é dá padà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n débi pé irin inú owó fẹ́ ju iye tí wọ́n ń ná an lọ. Ní 1920, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Irin yí padà, orúkọ kò yí. Kódà nígbà tí náírà dé ní 1973, tí kọ́bọ̀ mẹ́wàá dípò ṣílè kan, àwọn àgbà ṣì ń pe náírà kan ní ṣílè mẹ́wàá. Ibi tí Eagle kò lè dé nìyẹn. Dọ́là kan ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi irú rẹ̀ ra nǹkan ní dọ́là kan? Inú ike ni ó ń gbé. Ṣílè wa ti ṣiṣẹ́: ó san owó orí, ó ra àdá, ó wọ ìṣẹ́tí ìró ìyàwó.

Iṣẹ́ náà ló sì ń pa á lára. Ọwọ́ tó pọ̀ máa ń jẹ ojú owó. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti pa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó owó jọ. Nítorí náà, ìtàn nìkan kò sọ owó di ọ̀wọ́n; ìtọ́jú ń bá a rìn.

Ẹni tó bá rí irú owó yìí nínú àpótí ìyá àgbà ní Mọ́níyà tàbí Ẹgbẹ́dá, kó má fi yanrìn tàbí eérú fọ̀ ọ́. Ti 1913 sí 1919, fàdákà ni. Ti 1920, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, torí ti fàdákà wà, ti idẹ wà. Tọ́rọ́ funfun tó ní 1938, àdàlù bàbà àti níkẹ́lì ni. Ẹ ka ọdún ara rẹ̀ kí ẹ tó pe alágbẹ̀dẹ.