ÀWO MẸ́TA TÍ SUNNY ADÉ FI RE ÒKÈ ÒKUN: ÈWO LÓ LÉKÈ?

Ní ọdún yìí, orin la fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tó bá ti tó àádọ́ta ọdún nínú wa kò lè gbàgbé ohùn King Sunny Adé. Ní ilé bàbá wa ní Kàdúná, bí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti ń kọ lọ́jọ́ Sunday, a ó mọ̀ pé inú bàbá dùn. Nígbà náà, Sunny kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Láti ọdún 1967 tó ti dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ ló ti ń gbé àwo jáde. Nílé, orin kan ṣoṣo lè gba ojú àwo kan tán, nítorí orin jùjú kì í kánjú: a ó kí olóde, a ó pa òwe, gìtá á dá sí i, ìlù á sì fèsì.

Bob Marley kú ní ọdún 1981. Ilé iṣẹ́ Island Records tó ń gbé orin Marley jáde sì ń wá ẹlòmíràn tí wọn yóò fi han ayé. Wọ́n gbé àwo Sunny mẹ́ta jáde: Jùjú Music ní 1982, Synchro System ní 1983, àti Aura ní 1984. A tún gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìpẹ́ yìí. Ohun kan la fi wọ̀n wọ́n: bí gángan bá ń sọ̀rọ̀, ǹjẹ́ etí ń gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀?

Ipò kẹta la fi Aura sí. A kò sọ pé kò dára o. Stevie Wonder fúnra rẹ̀ fọn hamóníkà nínú orin tí wọ́n pè ní Àṣẹ, iyì ńlá sì ni. Àmọ́ ìlù ẹ̀rọ ti pọ̀ jù nínú àwo náà, ó ń lọ gbọ̀ngbọ̀n bí aago. Gángan wá dà bí àgbà tí wọ́n pè sí ìpàdé, tí wọn kò fún láàyè láti sọ̀rọ̀.

Synchro System ló ṣe ipò kejì. Òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dárúkọ Sunny fún ẹ̀bùn Grammy. Àwọn kan á ní òun ló yẹ kó ṣe ipò kìíní, a kò sì bá wọn jà, nítorí kò sí èyí tó mú ni jó tó o. Ṣùgbọ́n ibi tí oúnjẹ ti ń dùn gan-an ni wọ́n ti ń gbé abọ́ kúrò níwájú ẹni.

Jùjú Music ló lékè. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló darí iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní Lomé, ní Tógò. Wọ́n gé orin kúrú níbẹ̀ náà, oríkì àwọn olóde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tó mọ àwo ti ilé mọ̀ pé ìtọ́wò ni. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ Jà Fún Mi, níbi tí ó ti ń bẹ orí rẹ̀ pé kó gbèjà òun. Gìtá onírin tí Dèmọ́lá Adépòjù ń ta ń sunkún lókè, gángan ń dáhùn nísàlẹ̀, kò sì sí èyí tó bo èkejì mọ́lẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ àlejò, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn padà.

Ẹ̀rí wa rèé. Nígbà tí a fi Aura sí i nílé, ọmọ wa obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì jó dáadáa, kò sì bi wá ní nǹkan kan. Nígbà tó kan Jùjú Music, ó dúró, ó ní, "Dádì, kí ni ìlù yẹn ń sọ?" A túmọ̀ díẹ̀. Èyí tó kù, ká má parọ́, àwa náà kò gbọ́ ọ, nítorí Kàdúná la ti dàgbà. Ojú tì wá. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ló bá wa tú u.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa: níbi àríyá tó ń bọ̀, kí DJ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí onílù kan lu gángan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí àgbà kan sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Wọ́n ti mọ ijó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀rọ̀.

Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àṣẹ.