Òǹkọ̀wé Tí Kò Yan Ọ̀rọ̀ Kan Láàyò

Ní 1571, Michel de Montaigne, tó ti ṣe adájọ́ ní Bordeaux, lórílẹ̀-èdè Faransé, fẹ̀yìn tì sí ilé bàbá rẹ̀. Ó kó ìwé sínú ilé-ìṣọ́ ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun tó bá sọ sí i lọ́kàn: òórùn, oorun, àtàǹpàkò, ọ̀rẹ́, ìbẹ̀rù.

Adùn irú ìkọ̀wé yìí pọ̀. Òǹkọ̀wé kì í tọrọ àyè kó tó yà bàrá. Montaigne ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà. Kí òǹkàwé tó mira, ó ti dé orí ìwà ìkà tí àwọn ará Sípéènì hù ní Mexico àti Peru. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti lárinrin jù lọ, nítorí a ń rí ọkàn ènìyàn níbi tó ti ń ronú.

Apá méjì àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀, Essais, jáde ní 1580, ẹ̀kẹta ní 1588. Síbẹ̀ kò dúró. Títí ó fi kú ní 1592, ó ń fi ọwọ́ kọ àfikún sí etí ẹ̀dà tirẹ̀.