Ìwé Ìṣirò Oyè àti Ipò Olùdámọ̀ràn: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Irinṣẹ́ Ètò-Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ìwé kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ń sọ àwọn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti yege, àwọn tí ó ń ṣe lọ́wọ́, àti àwọn tí ó kù kí ó tó gba oyè. Degree audit ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. A ó máa pè é ní ìwé ìṣirò oyè. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè ohun tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ tí ó jọ iṣẹ́ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì. Èsì wa ni pé àkọsílẹ̀ ni. Ẹnì kan ni ó ṣe é, ẹlòmíràn ni ó ń kà á, ohun tí ó sọ àti ohun tí kò sọ sì lè yí ọ̀nà ẹni tí ń kà á padà. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ lámèyítọ́. Ìdí kejì wà, tí ó kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. A ó dé orí rẹ̀ níwájú.

Àwọn tí ó ń yin irinṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ó ń gba olùdámọ̀ràn lọ́wọ́ iṣẹ́ kíka kọ́ọ̀sì, kí ó lè ráyè bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀. Èrò tiwa ni pé ìdajì òtítọ́ ni èyí. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì kékeré gan-an ni ọ̀rọ̀ ńlá sábàá máa ń bá wọlé, ẹni tí ó bá sì gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ níláti wá ọ̀nà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa wọlé.

Orírun ìṣirò

Nígbà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka ẹ̀kọ́ kan náà, kò sí ìdí láti máa ṣírò ohun tí ó kù. Charles Eliot, tí ó jẹ́ ààrẹ Harvard láti 1869 sí 1909, ni ó fẹ ọ̀nà àṣàyàn lójú jù lọ: ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣa kọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, débi pé nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí lọ, díẹ̀ péré ni ohun tí ó ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí dandan. Lowell, tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1909, fa okùn náà padà díẹ̀. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ nínú pápá kan, kí ó sì tọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn wò káàkiri. Àdàlù méjèèjì ni ó tàn ká ilẹ̀ náà: kọ́ọ̀sì pápá, kọ́ọ̀sì káàkiri, kọ́ọ̀sì àṣàyàn, tí àpapọ̀ wọn sábàá jẹ́ yúnìítì 120 fún oyè àkọ́kọ́. Ibi tí àdàlù bá wà ni ìṣirò ti ń di dandan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ́ńsù àti bébà ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣe é.

Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni Miami University, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio (kì í ṣe Miami ti etí òkun Florida), ṣe ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí DARS, tí yunifásítì mìíràn sì gbà lò. Ní 1996, University of Florida bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà dé sáà. Ẹni tí ó bá ṣáko kúrò lójú ọ̀nà oyè rẹ̀ níláti rí olùdámọ̀ràn. Láti ìgbà náà ni irinṣẹ́ yìí ti kúrò ní ìwé tí a ń wò, tí ó di ìwé tí ń wo ènìyàn.

Kíka ìwé náà

Ẹ jẹ́ kí a kà á bí a ti ń ka àkọsílẹ̀ mìíràn. Nínú Degree Works, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti oyè tí ó ń lépa wà lókè. Àwọn ohun tí oyè náà ń béèrè tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀: àmì aláwọ̀ ewé fún èyí tí ó ti parí, aláwọ̀ búlúù fún èyí tí ó ń lọ lọ́wọ́, àmì pupa fún èyí tí a kò tíì ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì pupa ni a ti ń rí ohun tí ó ṣì kù. Ẹ kíyè sí gírámà ibẹ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé ‘ó’ inú ‘ó ku kọ́ọ̀sì kan’ kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀: gbèsè wà, a kò rí ẹni tí ó dá a síni lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ kan jókòó ní ọjọ́ kan, wọ́n jiyàn, wọ́n dìbò pé kọ́ọ̀sì ìṣirò méjì ni yóò jẹ́ dandan dípò ẹyọ kan. Gbogbo ìyẹn ti pòórá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí àmì pupa kò mọ̀ pé ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀, àti pé ènìyàn lè yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní àyè tí ọ̀gá ẹ̀ka tàbí akọ̀wé ti lè fi kọ́ọ̀sì kan rọ́pò òmíràn. Èmi gbà pé ibi ìrọ́pò yìí ni ó jẹ́ òótọ́ jù nínú ìwé náà, nítorí níbẹ̀ nìkan ni a ti ń rí ọwọ́ ènìyàn.

Ìdá ọgọ́rùn-ún méjì tún wà lókè rẹ̀. Ọ̀kan ń ka àwọn ohun tí oyè béèrè, èkejì ń ka yúnìítì, wọn kì í sì í sábàá bára mu. Ẹni tí yúnìítì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lè rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí oyè béèrè ṣì kù. Kò sí èyí tí ó ń parọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ‘ìtẹ̀síwájú’ ni wọ́n jọ ń pe ara wọn. Bákan náà, kọ́ọ̀sì kan lè wà lábẹ́ àkọlé kan ní sáà yìí, kí ó ti ṣí lọ sábẹ́ òmíràn ní sáà tí ń bọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń tún gbogbo rẹ̀ tò kí ó lè rí ibi tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan yóò ti wúlò jù. Fún ẹ̀rọ, àtúntò lásán ni. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹni ṣàlàyé fún un, ohun tí a ti san ni a tún padà ń béèrè.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn kọ́ọ̀sì tí kò rí àkọlé wọ̀ sí máa ń jábọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó síbẹ̀, ó kà wọ́n, ó yege. Ìwé náà kò sì rí nǹkan fi wọ́n ṣe. Ó yà wá lẹ́nu pé apá yìí ni a kì í sábàá mẹ́nu bà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ìfẹ́ inú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń hàn sí jù: ohun tí ó lọ kà nígbà tí kò sẹ́ni tí ó ní kí ó kà á.

Àbá Crookston àti O’Banion

Ní 1972 ni àpilẹ̀kọ méjì jáde tí àwọn olùdámọ̀ràn Amẹ́ríkà kò tíì yéé tọ́ka sí. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ wọn, NACADA, sílẹ̀ ní 1979, àpilẹ̀kọ wọ̀nyí ti wà nílẹ̀. Burns Crookston fi olùdámọ̀ràn tí ń pàṣẹ wé dókítà: aláìsàn sọ ohun tí ń ṣe é, dókítà kọ oògùn, ọ̀rọ̀ parí. Ó fẹ́ olùdámọ̀ràn mìíràn, tí yóò ka ìmọ̀ràn sí ìkọ́ni, tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò jọ ru ẹrù náà. Terry O’Banion ní tirẹ̀ to ìgbésẹ̀ márùn-ún tẹ̀ léra: kí a wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, kí a wo iṣẹ́ tí ó wù ú, kí ó yan oyè, kí ó yan kọ́ọ̀sì, kí ó sì wá to àkókò rẹ̀.

Láti ara àwọn méjì yìí ni àwọn olùgbèjà ẹ̀rọ ti fa àwíjàre wọn yọ. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ dókítà Crookston, kí ó gba ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ti O’Banion, kí olùdámọ̀ràn gba ìyókù. Ìpín náà dùn ún gbọ́. Ibi tí ó ti kùnà ni pé ìlànà lórí bébà ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ O’Banion. Ènìyàn kì í gba ibẹ̀ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kì í kan ilẹ̀kùn olùkọ́ kí ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe mọ́.’ Ohun tí yóò sọ ni pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kọ́ọ̀sì ìṣirò yẹn pọn dandan fún mi?’ Bí olùkọ́ bá ní etí, yóò gbọ́ pé ìbéèrè náà ju ara rẹ̀ lọ. Yóò ní kí ó jókòó. Láti ìkarùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, wọn yóò fà á dé ìkíní.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a mọ bí Yorùbá ti ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ńlá gbé wá kì í sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Yóò kí ará ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò sọ̀rọ̀ òjò àti oko, kí ó tó ní òun ní nǹkan kékeré kan láti sọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a gba ìkíni lọ́wọ́ àlejò kí ó lè ráyè sọ ọ̀rọ̀ gidi, nítorí pé ìkíni náà ni ó ń gbé e dé ibẹ̀. Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ń dáhùn ìbéèrè kékeré láàárín òru, láìsí pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn, olùdámọ̀ràn ti ráyè lóòótọ́. Ta ni yóò wá bá a?

Wọ́n lè dá wa lóhùn pé Georgia State University ti dáhùn ìyẹn. Ní 2012 ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ tí ó ju 800 lọ. Bí ọ̀kan bá dún, olùdámọ̀ràn ni yóò wá akẹ́kọ̀ọ́ lọ. A gbà pé ìdáhùn gidi ni. Ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn tuntun 42 ni ilé ẹ̀kọ́ náà gbà síṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ó sì jọ wá lójú pé iye àmì ìkìlọ̀ ni ìròyìn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, tí iye ènìyàn sì máa ń gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ láìgba ènìyàn kún un ti ra ohun mìíràn.

Owó àti èdè

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni pé kí a má fi owó náà san kọ́ọ̀sì tí kò kà sí oyè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lépa. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó sì ń lo ìwé ìṣirò oyè láti mọ èyí tí ó kà. Nítorí náà, kọ́ọ̀sì tí ó jábọ́ sí ìsàlẹ̀ ti kúrò ní ohun tí kò wúlò fún oyè. Ó ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àpò ara rẹ̀ san.

A ń kọ́ èdè Yorùbá ní University of Wisconsin ní Madison àti ní University of Florida, láàrin àwọn mìíràn. Níbi tí oyè bá ti béèrè èdè ilẹ̀ òkèèrè, Yorùbá yóò rí àkọlé wọ̀ sí, yóò sì gba àmì aláwọ̀ ewé rẹ̀. Ẹ wá fi ọkàn wo ọmọ Yorùbá tí a bí sọ́hùn-ún, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tí àyè kọ́ọ̀sì àṣàyàn rẹ̀ sì ti kún. Ó fẹ́ kọ́ èdè ìyá rẹ̀ àgbà. Yunifásítì náà ní olùkọ́, ó ní yàrá, ó ní kọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má wọlé. Ìsàlẹ̀ ìwé náà nìkan ni Yorùbá yóò ti hàn, láìsí àmì kankan. A ń sọ púpọ̀ nípa ìwà àwọn òbí tí kò kọ́ ọmọ wọn ní èdè. Ó yẹ kí a máa mẹ́nu ba ìwé tí kò ní àyè fún ọmọ tí ó padà wá fẹ́ kọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Nílé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bébà ni a ń gbè lẹ́yìn. Àwa tí a ti jẹ́ olùdámọ̀ràn ọlọ́dọọdún nílé níbí mọ ohun tí bébà lè ṣe: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ra aṣọ ìgboyè kí ó tó gbọ́ pé kọ́ọ̀sì GNS ti ọdún kìíní kan kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ìwé ìṣirò oyè ì bá ti sọ fún un ní ọdún kejì. Láti ìgbà tí NUC ti gbé CCMAS kalẹ̀ ní 2022, tí ìdá àádọ́rin ẹ̀kọ́ ń ti Àbújá wá tí ìdá ọgbọ̀n sì wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé lábẹ́ àlàkalẹ̀ àtijọ́ àti àwọn ti tuntun ti jọ wà nínú ẹ̀ka kan náà. Orí olùkọ́ kan kò lè gba gbogbo ìyẹn. Ẹ̀rọ yóò dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì yẹ kí ó dé.

Ohun tí a ń béèrè ni pé, nígbà tí ó bá dé, kí olùdámọ̀ràn máa kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí ó fi ka àwọn kọ́ọ̀sì tí ó jábọ́. Kí a sì má ṣe fagi lé ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé fọ́ọ̀mù wá fún ìbuwọ́lù, bí ìbuwọ́lù náà kò tilẹ̀ wúlò fún ẹ̀rọ mọ́. Ní ti àyè àkíyèsí tí ó wà nínú irinṣẹ́ náà, olùdámọ̀ràn ni a sábàá ń jẹ́ kí ó kọ nǹkan síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á ni. A kò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fi lè ní ìlà mélòó kan tirẹ̀ níbẹ̀.