Níbo Ni Àwa Wà Nínú King of Boys?

Ẹni yòówù tí ẹ bá bi léèrè bí King of Boys ṣe rí sí, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sì jẹ̀bi. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ obìnrin náà sí Tóyìn Tòmátò láti ayé Super Story kò rò ó rí pé ó lè jókòó sórí àga bí ọba, kó fi ojú lásán dá ìbẹ̀rù sí ọkùnrin gìrìwò lára. Kẹ́mi Adétiba ló darí fíìmù náà. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló jáde ní sinimá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, apá kejì dé sórí Netflix ní ìpín méje.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Alhaja Ẹniọlá Sàlámì, oníṣòwò ńlá, aláàánú lójú ọ̀sán, òun kan náà ni olórí àwọn jàǹdùkú Èkó lábẹ́lẹ̀. Ó ti náwó lé àwọn olóṣèlú lórí títí wọ́n fi dé ipò, ó wá ń retí kí wọ́n fi òun náà ṣe mínísítà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí jù. (Ọwọ́ tó dọ̀tí nítorí tiwọn o!) Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn, Gobir, ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Makanaki, tí Reminisce olórin ṣe, ń fẹ́ gba àga mọ́ ọn nídìí.

Ilémọ̀nà, nítòsí Ọ̀fà, la ti wo apá méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, èèyàn bíi méjìlá, kálukú pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó jọ bí wọ́n ṣe máa ń wo ìjàkadì ládùúgbò wa: ẹ̀yìn ta ni yóò kanlẹ̀? Gbogbo ìgbà tí Alhaja bá bọ́ nínú ewu ni àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo. "Ẹ fi màmá náà sílẹ̀ jàre!" Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ olùkọ́ kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní fíìmù tó bá mú ọmọ èèyàn máa gbàdúrà kí òfin má rí apààyàn mú, fíìmù burúkú ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a ò gbà. Àdúrà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí fíìmù náà ṣe. Ẹ̀yìn Alhaja ni Adétiba gbé wa sí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù là ń kọ́kọ́ rí, ká tó rí ohun tí Gobir rí. Ó tún mú Ẹniọlá ìgbà èwe wá, tí Toni Tones ṣe, ká lè mọ ibi tí egbò ti bẹ̀rẹ̀ ká tó dá ẹjọ́. Àyà wa ń já nítorí ẹni tí a mọ̀ pé kò yẹ ká bẹ̀bẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ náà sì la ṣe máa ń ṣe fún àwọn bàbá ìsàlẹ̀ tó wà lóde: "Ó ń jalè, àmọ́ ó ń fún wa." Kò sì sẹ́ni tó lè ní obìnrin yẹn lọ láìsan gbèsè. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló pàdánù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà ti Makanaki, ariwo yàrá wa dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé, kò sì pọn dandan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, oṣù díẹ̀ kí fíìmù yìí tó jáde, àwọn adigunjalè wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì, àwọn tó kú lé ní 30, ọlọ́pàá wà nínú wọn. Ẹni tó ń wo Makanaki láti Lẹ́kí lè máa rẹ́rìn-ín sí èébú ẹnu rẹ̀, èébú náà sì dùn-ún gbọ́ lóòótọ́. Ní Ilémọ̀nà, ojú ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Apá kejì gùn jù fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú ìpàdé àwọn olówó yẹn, à bá gé e. Alhaja ti ìgbèkùn dé, ó fẹ́ ṣe gómìnà Èkó. Ibẹ̀ ni màmá kan tó ti ń sùn díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ti béèrè pé: "Àwọn tó máa dìbò ńkọ́?"

A wá wọn. Àwọn ìránṣẹ́ ń bẹ, ẹ̀ṣọ́ ń bẹ, èrò tó ń pàtẹ́wọ́ ń bẹ. Dàpọ̀ Bánjọ, oníròyìn, ló sún mọ́ wa jù, òun náà sì dá nìkan wà. Ìbò ò ju ìjàkadì láàárín àwọn ọlọ́lá lọ, àwa kàn dúró yí wọn ká.

Ẹ fi wé Saworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999. Níbẹ̀, ìlú Jogbo ní ẹsẹ̀, ó ní ẹnu. Àwọn ọ̀dọ́ dìde nítorí àwọn agégẹdú tó ń jẹ igbó wọn run. Ọ̀pálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ń fi ẹ̀fẹ̀ sọ òótọ́ fún ọba. Lágata fi ìbọn gba adé, ìlù ló pa á. Ọkàn wa ò balẹ̀ nínú fíìmù yẹn náà, àmọ́ a ń bẹ̀rù fún ìlú ni.

Àìbìkítà yìí ló dùn wá nínú iṣẹ́ tó dára bíi ti Adétiba. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde ni Kwara dìbò lórí igbe "Ó tó gẹ́", tí agbára ìdílé kan tó ti pẹ́ lórí oyè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó tẹ̀lé e, ẹnu ò tíì kò lórí rẹ̀. Síbẹ̀, a wà níbẹ̀, orúkọ wa wà nínú ìwé ìbò.

"Fíìmù ni, Màmá," ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ fèsì.

Màmá ní, "Ó tó gẹ́ náà ńkọ́, fíìmù ni?"

Epo jẹnẹrétọ̀ tán nínú ìpín kẹfà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la parí rẹ̀.