Okùn Wo Ló Já? Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ náà «Aláìlókùn»

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mo wà ní Pénéssoulou, ní agbègbè Bassila, níbi tí Anii, Kotokoli àti àwọn ẹ̀ka èdè tiwa ti ń pàdé. Íntánẹ́ẹ̀tì lọ. A gbọ́ lórí rédíò pé àwọn okùn abẹ́ òkun ti já nítòsí Abidjan, àti pé kì í ṣe Benin nìkan ló kàn. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá tó gbà mí sílé. Wọ́n wo fóònù ọwọ́ mi, wọ́n ní: «Ọmọ mi, ìwọ náà lo sọ fún mi pé fóònù yìí kò lókùn. Okùn wo ló wá já?» Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síhìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò yí padà. N kò rí ìdáhùn. Aládùúgbò wa kan tilẹ̀ ti gbé fóònù tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe, ó sì ti sanwó.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: «filaire» àti «sans fil». Nígbà tí a bá ń túmọ̀ wọn, a máa ń sọ pé oníwáyà àti aláìníwáyà, tàbí olókùn àti aláìlókùn. Èmi náà ti lò wọ́n ní kíláàsì. Èdè-ìperí tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti ẹ̀rọ kù sọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí a yẹ ohun tí a ń kó jọ wò dáadáa.

Àbùkù àkọ́kọ́ wà lára wáyà. Lẹ́nu Yorùbá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wáyà. Láyé àtijọ́, ó tún ń jẹ́ tẹligíráàmù. Ṣùgbọ́n nínú SAT-3 àti ACE, àwọn okùn tó so Benin mọ́ ayé, dígí ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé e. Irin tó wà lára wọn, fún iná àti ààbò ni. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní oníwáyà, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé iná mànàmáná nìkan ló lè gbé ọ̀rọ̀. «Fil» ti Faransé kò ní ìṣòro yìí, nítorí òwú pàápàá ń jẹ́ «fil». Okùn tiwa náà sàn ju wáyà lọ ní ti èyí.

Àbùkù kejì wà lára aláìní. Ìhun aláìlókùn kò ní wàhálà: n di l níwájú o, bó ṣe yẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a wò. Aláìlówó, aláìníbaba, aláìnílé: àánú ni wọ́n ń mú wá. Ẹnìkan lè tako mi pé ọ̀rọ̀ ìyìn ni aláìlẹ́bi àti aláìlábàwọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí ni pé a kì í fẹ́ ẹ̀bi, a kì í sì í fẹ́ àbàwọ́n. Nínú gbogbo wọn, ohun tí kò sí ló ń darí ìtumọ̀. Aláìlókùn kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà fún wa rárá.

Àbùkù kẹta ló burú jù. Ó ń mú wa pín ohun èlò sí agbo méjì, nígbà tó jẹ́ pé ìrìn-àjò ọ̀rọ̀ ló yẹ kí a pín. Láti ọwọ́ ìyá náà dé òpó, òfurufú ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Láti ibẹ̀, ó lè gba òfurufú dé òpó mìíràn, tàbí kó wọ okùn. Bó bá ń lọ sí Paris, àfi tó bá gba sátẹ́láìtì, yóò wọ okùn abẹ́ òkun dandan.

Àwọn tó ṣáájú wa ṣe é dáadáa jù wá lọ. Ní 1935, ní Èkó, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí gba ètò BBC lórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fi wáyà pín in dé inú àpótí nílé àwọn tó sanwó. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rédíò alágbèéká dé láìsí wáyà, orúkọ náà kò bàjẹ́, torí ìṣe ẹ̀rọ náà ló sọ. Àmọ́ ní kíláàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀nà ni a fẹ́ dárúkọ, kì í ṣe ìṣe.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe «gbà» ni mo dábàá pé kí a gbára lé: ọ̀rọ̀ ń gba ọ̀nà inú okùn, tàbí ọ̀nà òfurufú. Okùn yóò pín sí méjì: okùn bàbà àti okùn dígí. Mo mọ̀ pé «orí afẹ́fẹ́» ti mọ́ wa lẹ́nu. Kí ó máa jẹ́ ti rédíò. Ní kíláàsì, ó ń ṣini lọ́nà, nítorí ìgbì rédíò kò nílò afẹ́fẹ́. Ó ń dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tó wà ní 35,786 kìlómítà lókè, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tí a lè mí. Òfurufú gba méjèèjì.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Mo ní: «Ìyá, ọ̀rọ̀ yín ń gba òfurufú dé òpó, lẹ́yìn náà ó wọ okùn. Okùn inú òkun ló já. Fóònù yín kò ṣe nǹkan kan.» Wọ́n ní: «Ó yé mi. Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?»