Thomas Dorsey àti Ààlà Àárín Blues òun Gospel

Àwọn alárìíwísí kan a máa pààlà sáàárín orin blues àti gospel àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà: wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ti ayé, èkejì ti ìjọ. Iṣẹ́ Thomas A. Dorsey tako èrò yìí. Òun ló ń tẹ dùùrù fún Ma Rainey ní 1924. Ní 1932, ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ náà sì kú tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ló kọ ‘Take My Hand, Precious Lord’. Ohùn orin ìsìn àtijọ́ ló yá lò, ṣùgbọ́n ìkérora inú blues ló fi gbé e kalẹ̀. Àwọn ìjọ kan kọ́kọ́ kọ irú orin bẹ́ẹ̀ nítorí ìró blues inú rẹ̀. Lójú tiwa, ohun tí wọ́n kọ̀ gan-an ni agbára rẹ̀: ọgbọ́n ìdárò tí Dorsey kọ́ lágbo àríyá náà ló gbé wá síwájú Ọlọ́run.